Sàláúdéènì àti Oòrùn Tó Ń Wọ Inú Òkun

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni Sàláúdéènì lò láyé kó tó fojú kan òkun. Kì í ṣe pé òkun jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tètè wọkọ̀ láàárọ̀ ní Ìbàdàn lè ti débẹ̀ kí oòrùn tó kàn án ní àtàrí. Ohun tí ì bá gbé e lọ ni kò sí. Agbo ilé kan ní Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló gbé ìyàwó sí, ibẹ̀ ló sì bí àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé: ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan ní Ọjà'ba, tí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ, tí aṣọ búlúù kan rọ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ ya páàsípọ́ọ̀tù.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Bẹẹrẹ. Fíìmù ni wọ́n fi ń ya àwòrán nígbà náà, inú yàrá dúdú ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ á ki ìwé funfun kan bọ inú omi òògùn, á ní kí ọmọṣẹ́ máa wò ó. Ìwé á wà bẹ́ẹ̀, kò ní sí nǹkan kan lára rẹ̀, àfi lójijì tí ojú èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bọ̀ látinú kùrukùru. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Sàláúdéènì rí i, díẹ̀ ló kù kó sá jáde. Ọ̀gá rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, ẹ̀rù dídùn ọjọ́ yẹn ni kò sì jẹ́ kó pa iṣẹ́ náà tì, títí tí ayé fi yí padà, tí kálukú fi ní kámẹ́rà nínú fóònù tirẹ̀, tó fi wá ku páàsípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ iléèwé àti ti àwọn tó ń gba ìwé ìjọba fún un.

Ó ní nǹkan kan tó máa ń ṣe tí kò yé àwọn ará ilé rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti dé, Sàláúdéènì á kírun Aláásàrí tán, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á sì gun òkè Màpó. Á dúró síbi tó ti ń wo àwọn òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, láti ìsàlẹ̀ Ọjà'ba títí lọ sápá Òkè-Àdó. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo ojú ọ̀run, oòrùn á pọ́n bí ẹyìn, ojú lásán á sì lè wò ó láìṣẹ́. Ó ń yà á ni, títí tí wọ́n á fi pe ìrun Màgàríbì. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró nísàlẹ̀ òkè ti sọ ọ́ lórúkọ, Fọ́tò-Oòrùn ni wọ́n ń pè é.

“Bàbá Karimat, èyí tẹ́ ẹ yà lánàá ńkọ́?” Sìdí ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan tó ń ká aṣọ. “Àbí oòrùn míì ti yọ láàárọ̀ yìí?”

“Òun ni, òun kọ́,” Sàláúdéènì dá a lóhùn. “Láti ọdún tí mo ti ń yà á, mi ò tíì rí méjì tó jọra.”

Kò sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn fún un. Kò tíì rí oòrùn kó wọ̀ tán rí. Ní Màpó, bó bá ti kù díẹ̀ kó kan àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn ìlú, eruku á ti gbé e mì lókè níbẹ̀, bí iná fìtílà tí epo tán nínú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ ìtàn, tí ẹni tó ń sọ ọ́ dìde kó tó parí rẹ̀.

Hezekiah ló bá a wá ọ̀nà àbáyọ láìmọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni Hezekiah, ará Yemẹtù ni, òun ló sì ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ Aládùúrà kan ní Òkè-Àdó. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kìn-ín-ní, ìjọ náà a máa lọ gbàdúrà ọjọ́ mẹ́ta létí òkun. Lọ́dún yìí ìjọ fẹ́ ṣe ìwé ìrántí ọgọ́ta ọdún tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò ya àwòrán sí i. Hezekiah wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń ya páàsípọ́ọ̀tù.

“Sàlá, ṣé wàá lè tẹ̀ lé wa? Ọjọ́ mẹ́ta ni. Etí òkun la máa sùn.”

“Etí òkun?”

“Etí òkun gan-an. Kò sí ilé, kò sí òkè tó máa dí ọ lójú. Oòrùn tí ò ń lé kiri yìí, wàá rí i débi tó bá wù ọ́.”

Sàláúdéènì kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sọ fún Bàbá Àkíbù, ẹni tó dàgbà jù nínú agbo ilé wọn, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bàbá kọ́kọ́ fajú ro. Wọ́n ní kí ni Mùsùlùmí ń wá láàárín àwọn aláṣọ funfun, lórí omi, tí ilé rẹ̀ kò jó?

“Bàbá, mo ti ya ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tí mi ò lè kà mọ́,” Sàláúdéènì ní. “Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mò ń bá lọ.”

Ojú Bàbá Àkíbù tú ká díẹ̀. “Ó dáa, máa lọ. Ṣáà má jẹ́ kí ìrun kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ.”

Wọ́n gbéra ní ìdájí, ogójì èèyàn nínú bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ kékeré méjì. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí ọ̀dà fi tán lójú ọ̀nà, tó wá di iyanrìn, tó di igi àgbọn lọ́tùn-ún lósì. Ohùn òkun ni Sàláúdéènì kọ́kọ́ gbọ́. Ó rò pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gun òkè níwájú, ó sì ń retí kí wọ́n kọjá, wọn kò kọjá. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dúró, tó sọ̀kalẹ̀, tó yọ sí gbangba láàárín àwọn igi àgbọn, ó di Hezekiah lápá mú.

“Níbo ló parí sí?” ó béèrè.

“Kò parí síbì kankan,” ni Hezekiah sọ. Ó ti ń wá síbẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, síbẹ̀ òun náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Omi ni níwájú, omi ni lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi náà sì ń dìde bí ẹni tó fẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀, á wólẹ̀, á fọ́ túútúú, á tún padà. Sàláúdéènì ti rí òkun nínú àwòrán àìmọye ìgbà. Àwọn tó ya àwòrán wọ̀nyẹn kò purọ́, àmọ́ wọn ò tíì sọ nǹkan kan.

Ìyá Ìjọ ló wá kí i káàbọ̀. Màmá Jemima lorúkọ wọn, ìyá arúgbó pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, tí wọ́n ń rìn láìwọ bàtà lórí iyanrìn gbígbóná bí ẹni ń rìn nínú pálọ̀. Wọ́n mú un dé ìdí àgbọn kan tó ní ibòji, wọ́n ní, “Ayàwòrán wa, ẹ lè máa kírun yín níbí. Ẹnikẹ́ni kò ní gba iwájú yín kọjá.” Wọ́n sì ní kí wọ́n bu omi àlùwàlá fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ará ìjọ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ létí omi, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n ń kọrin, Sàláúdéènì sì ń yà wọ́n. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè rí àwọn ìlà iwájú dáadáa, ó rí i lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, oòrùn pupa kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí omi. Ó gbàgbé ìdí tí wọ́n fi pè é. Ó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin, iyanrìn ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kó tó débi tó ti lè dúró, oòrùn ti ń ṣá. Nígbà tó fi ku bí ìwọ̀n òpó iná méjì kó kan omi, eruku ti gbé e mì pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe ní Màpó.

Apẹja kan jókòó lórí ọkọ̀ rẹ̀ tó ti fà gúnlẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Gabriel lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ègùn ni, kò sì ju ẹgbẹ́ Sàláúdéènì lọ.

“Ẹ má bínú sí i,” ni Gabriel wí. “Ẹ̀yin náà ṣoríire. Ká ní ìgbà òjò lẹ wá, ẹ ò bá má tilẹ̀ rí i lórí omi rárá. Nígbà òjò, ẹ̀yìn àwọn àgbọn tó wà lọ́hùn-ún yẹn ló ń wọ̀ sí, lórí ilẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ló máa ń rìn wá sápá ibí, kó lè wọ inú òkun.”

“Ìgbà ọyẹ́ náà ni eruku sì ń bò ó,” Sàláúdéènì ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ òkun ló lè bá yín ṣe é. Bó bá fẹ́ dáadáa fún ọjọ́ kan, á gbá ojú ọ̀run mọ́.” Ó fi eyín já okùn kan. “Èmi ò lè bá yín pè é ṣá o.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, eruku ṣì wà, àmọ́ kò ki tó ti àná. Ó dà bíi pé oòrùn á lè dé ìsàlẹ̀. Sàláúdéènì ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó wọ inú omi kó lè ya bí pupa náà ṣe ń tàn lórí omi. Ó fi ojú kan mọ́ kámẹ́rà, ó pa èkejì dé. Kò rí ìgbì tó ń bọ̀ lápá òsì. Ìgbì náà gbá a láyà, ó gbé e ṣubú, ó fà á lórí iyanrìn bí ẹni fa àpò gààrí. Hezekiah ló sáré wá fà á dìde. Ó ń húkọ́, iyọ̀ kún ẹnu àti imú rẹ̀, omi sì ń ṣàn látinú kámẹ́rà tó so mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n nù ún, wọ́n sá a, wọ́n yọ bátìrì rẹ̀. Kò dáhùn. Àwọn àwòrán tó wà nínú káàdì kékeré inú rẹ̀ nìkan ni kò bà jẹ́.

Ìtìjú kò jẹ́ kó lè jẹun. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbé e wá ṣì ku ọjọ́ kan gbáko. Ó dìde, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá Jemima.

“Ṣé ẹ kò fara pa?” ni ohun tí Màmá kọ́kọ́ béèrè.

“Rárá, Màmá.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kámẹ́rà kò lẹ́mìí.” Wọ́n ní kó dìde jókòó. “Àmọ́ kí lẹ wọ inú omi lọ wá? Orí ilẹ̀ làwa wà.”

Ó rò ó wò bóyá kó parọ́. Kò pa á. “Màmá, oòrùn ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ya àwòrán, mi ò tíì rí i kó wọ̀ tán. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i lẹ́ẹ̀kan.”

Màmá Jemima wo apá ibi tí oòrùn gbà lọ, òkùnkùn ti ń kóra jọ síbẹ̀.

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń wá sí etí òkun yìí,” ni wọ́n sọ nígbẹ̀yìn. “Ìlà-oòrùn la máa ń kọjú sí. Mi ò wẹ̀yìn wò rí.”

Lóru ọjọ́ yẹn afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti orí òkun. Ó fẹ́ mọ́jú, ó fẹ́ títí di ọ̀sán, àwọn aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn ń ta pìpì. Hezekiah ti yọ fóònù rẹ̀ fún Sàláúdéènì, fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán láti igun dé igun. Òun ló fi ya àwọn ará ìjọ ní gbogbo ọjọ́ kẹta: bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dáná, bí àwọn àgbà ṣe ń sùn lábẹ́ àgbọn. Kó lè fi ọwọ́ tí kò mọ fóònù ṣe iṣẹ́ gidi, ó ń di mí sínú nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, wọ́n tún tò, wọ́n tún kọjú sí ìlà-oòrùn. Orin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọra ni Màmá Jemima gbé ọwọ́ sókè. Orin dá.

“Ẹ yíjú padà,” ni wọ́n wí.

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Wọ́n yíjú padà, ogójì èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Afẹ́fẹ́ ti gbá ìsàlẹ̀ ọ̀run mọ́ bí àgbàlá. Eruku díẹ̀ tó kù lókè ló jẹ́ kí oòrùn pọ́n, kó tóbi, kó sì tutù lójú débi pé arúgbó lè wò ó. Ọ̀nà kan tó ń dán wá láti ìdí rẹ̀ lórí omi, tààrà, títí dé ẹsẹ̀ Sàláúdéènì. Ó rò pé òun nìkan ni ọ̀nà náà wá bá. Hezekiah tó dúró ní bí ogún ìṣísẹ̀ sí i sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Wò ó, ọ̀dọ̀ mi ló wá.” Gabriel àti àwọn apẹja yòókù ti fi àwọ̀n sílẹ̀, àwọn náà ń wò.

Oòrùn kan omi. Kò yára, kò sì dúró. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ síta bí ìkòkò amọ̀ tó ṣì tutù tí wọ́n gbé kalẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé oòrùn kan ń ti inú omi gòkè wá pàdé ti òkè. Ó di ìlàjì. Ó di bí èékánná ọwọ́. Màmá Jemima ti rìn wọ inú omi dé ọrùn ẹsẹ̀ láìmọ̀, etí aṣọ wọn ń léfòó, gbogbo aṣọ funfun tó wà létí òkun ti pọ́n bí ẹni rẹ ẹ́ sínú osùn. Sàláúdéènì tẹ fóònù nígbà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ wá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ó rí i pé tí òun bá ń bá a lọ, inú gíláàsì tó sán ni òun máa ti rí òpin rẹ̀.

Ojú rẹ̀ ló fi rí i. Ó ku bí èérún iná kan, omi pa á dé.

“Sùbúhánàllàhi,” ó wí. Ó gbọ́ tí Màmá Jemima ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwájú: “Ojoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́, àwa sì wà níhìn-ín.”

Àkókò Màgàríbì ti tó. Sàláúdéènì tẹ̀ sínú omi, ó fi omi òkun ṣe àlùwàlá, iyọ̀ ta á lójú. Ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó kírun. Níwájú rẹ̀, iyanrìn àti ìdí àwọn àgbọn ṣì pupa fòò, nígbà tó sì forí kanlẹ̀, ó ń gbọ́ bí òkun ṣe ń mí lẹ́yìn rẹ̀. Kò tíì kírun tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ràkáà mẹ́ta péré ni.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ìbàdàn, ó tẹ àwọn àwòrán náà sórí ìwé. Nínú mẹ́rin tó yà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọ̀kan ló dára jù: Màmá Jemima nínú omi, ẹ̀yìn wọn ló hàn, àti ìlàjì oòrùn níwájú wọn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní báwo ni Ìyá Ìjọ yóò ṣe wà nínú ìwé tí a kò ní rí ojú wọn? Màmá ní, “Ẹ fi síbẹ̀. Ojú mi ti wà nínú ìwé tó pọ̀. Ohun tí mò ń wò ni kí wọ́n bá mi wò.” Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n fi í sí.

Sàláúdéènì tẹ ọ̀kan tó tóbi, ó gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà ń dúró, àwọn ọlọ́kadà náà ń dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Bàbá Àkíbù tẹ̀pá dé. Bàbá wò ó títí, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n tún sún sẹ́yìn.

“Sàláúdéènì.”

“Ẹ̀yin Bàbá.”

“Nígbà tí oòrùn náà wọ inú omi, ṣé ó dún?”

“Kò dún, Bàbá. Kò dún rárá.”

“Háà.” Bàbá Àkíbù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ojú wọn kò kúrò lára àwòrán náà títí wọ́n fi pe Aláásàrí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e dé, àwọn ará Bẹ́yẹrúnkà méjìdínlógún dá bọ́ọ̀sì kan, Hezekiah ló wà á, Sàláúdéènì ló mú wọn lọ. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní. Eruku lọ́jọ́ náà ki bí ìyẹ̀fun, oòrùn kò tilẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà tó fi pòórá. Inú Sàláúdéènì bà jẹ́, ó ń bẹ̀ wọ́n bíi pé òun ló da eruku sókè. Àwọn kan ti ń padà sídìí bọ́ọ̀sì. Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó rí Sìdí tó ti ká ìró sókè, tó dúró nínú omi, tó kọjú sí òkun tó ń ṣókùnkùn lọ.

“Ìyá Karimat, máa bọ̀, wọ́n ti ń wọkọ̀.”

Sìdí kò yíjú padà. Ìgbì kan wá, ó kọjá lára orúnkún rẹ̀, ó padà.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró díẹ̀,” ó ní. “Mi ò tíì wò ó tán.”